Orúkọ Tí Àtọ́kẹ́ Kò Lè Pè Mọ́

Ní 1967 tí Àtọ́kẹ́ wọlé ọkọ, ó bá Kíkẹ́ níbẹ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí ìyá wọn kú fi sílẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta. Ìyàwó kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ. Àtọ́kẹ́ wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Funfun niyì eyín, ṣebí àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kejì, iṣẹ́ gbé ọkọ rẹ̀ wá sí Port Harcourt, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń gbé ní àdúgbò Díóbù. Àtọ́kẹ́ ń po oògùn ní ilé ìtọ́jú kékeré kan. Ogun abẹ́lé ti lé àwọn dókítà eyín lọ. Nígbà tí eyín inú Kíkẹ́ kan jẹrà, tí ẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, nọ́ọ̀sì àgbà ní kí wọ́n yọ ọ́.

“Ẹ má fi ẹ̀mú kan Eyínfúnjowó mi lẹ́nu!” Àtọ́kẹ́ fárígá.

Ó tú kápúsù tẹtirá, oògùn apakòkòrò, sínú ògì, ó fún un mu. Wíwú náà rọlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì ó tún wú, Àtọ́kẹ́ tún tú òmíràn. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ogun fi parí. Àwọn ìyá àdúgbò gbọ́, wọ́n ń wá bẹ̀ ẹ́: “Madam, abeg, dat one wey you give your pikin.” Ó ń fún wọn, orí rẹ̀ ń wú. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ní 1970, eyín iwájú Kíkẹ́ yọ, òmíràn sì hù, ó pọ́n bí àgbàdo orí àjà. Àtọ́kẹ́ fi èédú fọ̀ ọ́ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀, kò mọ́.

Dókítà eyín kan, Dagogo, ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílùú. Ó wo ẹnu ọmọ náà, ó béèrè oògùn tó ti lò. Àtọ́kẹ́ sọ ọ́.

“Na to comot dat bad tooth, finish! Tetra don enter de new ones inside gum. E no dey wash. Which yeye person give am?”

Gbogbo ọmọ Díóbù tí Àtọ́kẹ́ ti fún ní tẹtirá ń wá sí i lọ́kàn níkọ̀ọ̀kan, inú ara rẹ̀ sì ń bí i.

Láti ọjọ́ náà, “Ẹ gbọ́ ná” ló fi ń pe Kíkẹ́. Ọmọ náà fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kan ó fi ọwọ́ bo ẹnu bó ti máa ń ṣe báyìí, ó ní:

“Ìyàwó, why you no dey call me my name again?”

Kó pè é ní Kíkẹ́, èèwọ̀ ni lẹ́nu Àtọ́kẹ́. Eyínfúnjowó sì ti di èébú.