Àga Tí Mi Ò Fi Sílẹ̀ fún Màmá Aino

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, jọ ń ti mall bọ̀ ní Buford. Ó ní kí n wá wo òun níbi tóun ti máa kọrin nílé ìwé. Kí n tó rò ó, ẹnu mi ti sọ ọ́: "A máa wò ó." Ọmọ náà kọjú sí fèrèsé mọ́tò títí a fi délé. Ojú tì mí gan-an, torí mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ti fi ojú mi rí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́. Mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ nígbà tí èmi àti ìyá mi ti Ìbàdàn dé Stone Mountain, lókè òkun níbí. Apartment oníyàrá kan là ń gbé. Ìyá mi ń tọ́jú àwọn arúgbó, shift méjì lójúmọ́, a kì í fi bẹ́ẹ̀ ríra wa. Ìyá àgbà òyìnbó kan ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ará ilẹ̀ Estonia, lọ́hùn-ún ní Yúróòpù níbi tí yìnyín ti ń bolẹ̀. Aino ni wọ́n ń pè é. Ta ló bí mi dáa tí màá máa pe àgbàlagbà lórúkọ? Màmá Aino la sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń yà sí tí mo bá ti ilé ìwé dé. Ó máa ń yan búrẹ́dì dúdú kan tó ń rùn bí ògì tó ti kan, ó sì máa ń fi bọ́tà ra á fún mi. Mo máa ń yínmú sí i lákọ̀ọ́kọ́. Nígbà tó yá, èmi ni mò ń béèrè.

Ètò yòówù kéèyàn bá a ṣe, èsì kan náà ló máa fọ̀. Ṣé a máa lọ sí páàkì lọ́la? "Eks näis." Ṣé ẹ máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń hun ìbọ̀sẹ̀? "Eks näis." Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ará ilé òun ṣe ń sọ ọ́ tí wọ́n bá ń ṣètò nǹkan, pé a máa rí i bó bá yá. Mo ní háà, mo mọ ìyẹn, "a máa wò ó" ilé wa ni. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé bí ìyá ẹni bá ti ní a máa wò ó, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kẹ̀kẹ́ tí mo bẹ ìyá mi pé kó rà fún mi, a ṣì ń wò ó dòní.

Nígbà tí ọdún ilé ìwé ń parí lọ, wọ́n ní kí n wá ké ewì lórí ìtàgé. Wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àga méjì, kó kọ orúkọ àwọn èèyàn rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyá mi ní shift. Mo bẹ Màmá Aino. Ó nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù, ó wò mí, ó ní, "Eks näis." Mo gbà pé ó ti kọ̀ nìyẹn. Mo kó àga mi méjèèjì fún ọmọ kíláàsì mi kan tí ẹbí rẹ̀ pọ̀ bí eṣú.

Mo ké ewì mi láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí a ń jáde ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà, tòun tọ̀pá rẹ̀, nínú kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́ọ̀sì méjì ló wọ̀ wá. Wọ́n ti wá orúkọ rẹ̀ lára àga títí, wọn ò rí i, ló bá dúró látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Kò bá mi wí. Ó kàn ní òun gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Ì bá sàn kó gbá mi létí.

Nígbà tí à ń lọ sílé, mo sọ nínú bọ́ọ̀sì pé ṣebí ẹ̀yin lẹ ní eks näis. Ó wá ní nígbà tóun wà lọ́mọge, tí ogun dé, òun ṣèlérí fún ìyá òun pé òun máa padà wálé kí wọ́n tó wu ọ̀dùnkún oko. Ọkọ̀ ojú omi ni òun àtàwọn ará ìlú fi sá lọ. Kò fojú kan ìyá rẹ̀ mọ́ láyé. Látìgbà náà, kò jẹ́ fẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí ọ̀la mọ́.

"Tí mo bá ti ní eks näis," ló wí, "mo ti ń wá bàtà mi nìyẹn. Ohun tó wà lójú ọ̀nà ni mi ò mọ̀."

Mo ní lọ́dún tó ń bọ̀, màá fi àga sílẹ̀ dè é. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní eks näis, inú mi sì dùn. Àmọ́ nígbà òtútù, ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti gbé e lọ kí n tó ti ilé ìwé dé. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, òórùn búrẹ́dì tó yan láàárọ̀ ṣì ń jáde lábẹ́ rẹ̀. Kò padà wá mọ́. Nígbà tí òpin ọdún ilé ìwé tún dé, mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àga kan, mo ní kí ẹnikẹ́ni má jókòó síbẹ̀. Òfìfo ló wà títí a fi ṣe tán.

Àwọn mìíràn ló ń gbé apartment yẹn báyìí. Ìyá mi náà ti lọ. Àwa òbí ṣì ń fi "a máa wò ó" sá fún sísọ pé rárá. Ìgbà lóyún, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa bí, ìyẹn náà ò tíì yí padà. Ẹsẹ̀ tèmi náà ti ń wú báyìí, dókítà ò sì fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi mọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo pe ọmọ ọmọ mi jókòó. Mo ní kó kọ orúkọ mi mọ́ àga kan, pé bí wọn ò bá tiẹ̀ rí mi níbẹ̀ nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Ó wojú mi.

"Grandma, ṣé ẹ máa wá?"

"Mo ti ń wá bàtà mi," ni mo wí.