Ọjọ́ Tí Wọ́n Bọ́ Jésì Lọ́rùn Aṣọ́lé Rófàsì

Bí ẹ bá dé Díóbù ní Port Harcourt láyé ìgbà náà, tí ẹ béèrè Àlímì onígbàjámọ̀, wọn á kọ́kọ́ bi yín pé, "Àlímì Rófàsì?" Ìlú náà ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ wá láti Ọ̀fà láti ṣiṣẹ́ rélùwéè, òun ló sì kọ́kọ́ gbé e lé èjìká lọ wo bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn lójú Àlímì àfi Rófàsì. Òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn, yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án Sátidé. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin lórúkọ, Yétúndé, pápá ló ti wá bá àwọn àlejò nílé. Ibiere ìyàwó rẹ̀, ọmọ Abuloma, kì í bá a jà sí i. Ó ní ọkọ tí bọ́ọ̀lù ń fà jáde sàn ju ọkọ tí ògógóró ń fà jáde lọ.

Ogun dé ní 1967, ìlú náà bọ́ sí apá Íbò tó ń bá ìjọba àpapọ̀ jà, bọ́ọ̀lù sì dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ìlú náà ti kó ẹrù wọn lọ sílé, ṣùgbọ́n níbo ni Àlímì ń lọ? Bàbá rẹ̀ ti kú, kò sì ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ tó ti fojú kan Ọ̀fà. Àwọn ará ilé Ibiere ló gbà wọ́n sọ́dọ̀ ní Abuloma, létí odò. Nígbà tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ apá Íbò bá ń wá àjèjì kiri, bàbá Ibiere á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ọmọ mi ni." Kì í ní ọkọ ọmọ mi. Ọmọ mi ni yóò wí. Ìyẹn ni Àlímì fi wà láàyè títí àwọn sójà ìjọba àpapọ̀ fi gba ìlú ní 1968. Ó padà sí Díóbù, ó bá ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lófìfo, wọ́n ti kó dígí, wọ́n ti kó àga. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi.

Nígbà tí ogun parí ní 1970, àwọn ọlọ́lá kan dá líìgì tuntun sílẹ̀. Líìgì olówó ni, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Rófàsì tún dìde. Dagogo, akọ̀wé kan ní ẹbúté, ọ̀rẹ́ Àlímì láti kékeré, ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Àwọn méjèèjì ń jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní gbogbo Sátidé, inú Àlímì sì ń dùn bí ẹni tí wọ́n dá ẹ̀mí rẹ̀ padà fún.

Aṣọ́lé tuntun tí wọ́n gbà, Boma ni wọ́n ń pè é. Ọmọkùnrin gíga, tó rù, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀, àfi bíi pé okùn ló fi ń fà á sọ́wọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi ń kọrin orúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Àlímì ló ti ń gẹrun, ó sì máa ń bá Ibiere sọ èdè Okrika tí wọ́n ń sọ ní Abuloma. Ibiere ní ẹni tó bá gbọ́ èdè náà lẹ́nu rẹ̀ á mọ̀ pé ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Sátidé kan, Rófàsì ń bá ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bulldogs gbá. Rẹfirí fún àwọn Bulldogs ní pẹ́nárítì. Ẹni tó fẹ́ gbá a gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó wo Boma, ó tún un wò. Ló bá pariwo orúkọ Íbò kan: "Onyemaechi!"

Boma gbójú sókè. Ta ni kò ní gbójú sókè bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀?

Ẹni náà kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó yíjú sí rẹfirí, ó ní, "Èmi àti ẹ̀ jọ lọ sílé ìwé ni. Ẹ bi í, ta ni bàbá rẹ̀?"

Ọ̀gá kan nínú líìgì sọ̀ kalẹ̀ láti ibi ìjókòó àwọn ọlọ́lá, ọlọ́pàá méjì tẹ̀ lé e. Pápá dákẹ́, àwọn tó wà níwájú ń gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

Boma ní, "Okrika ni ìyá mi. Owerri ni bàbá mi."

"O ò mọ̀ pé líìgì yìí ti ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ti ilẹ̀ Íbò wá má gbá bọ́ọ̀lù níhìn-ín?"

"Mo mọ̀, sà."

"Bọ́ jésì yẹn."

Ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ rò pé yàrá ìmúra ni wọ́n fẹ́ kó lọ. Ọ̀gá náà ní rárá, níbẹ̀ yẹn ni. Ó bọ́ ọ. Ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀. Ebi ogun kò tíì kúrò lára rẹ̀.

Ni ariwo bá sọ, wọ́n ń fi èébú pe ọmọ Íbò: "Nyamiri! Comot!" Èèpo ọsàn ń fò, ìgò ń fò. Àlímì rò pé ẹ̀yìn àwọn Bulldogs ló ti ń wá. Ó wo ọ̀hún, àwọn yẹn jókòó. Ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Dagogo ló dúró sórí bẹ́ǹṣì, iṣan ọrùn rẹ̀ le kankan, ó di òkúta mú.

Àlímì di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Dagogo! Boma ni o!"

"Which Boma? E don deceive us!" Ó já ọwọ́ gbà, ó ju òkúta náà.

Àlímì rí i tí wọ́n fi jésì tó ṣì tutù fún òógùn yẹn wọ aṣọ́lé mìíràn. Ó gbọ́ fèrè. Wọ́n gbá pẹ́nárítì náà, aṣọ́lé tuntun mú un, gbogbo ìjókòó Rófàsì sì fò sókè, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Dagogo fẹ́ dì mọ́ Àlímì náà. Àlímì dìde, ó jáde. Láyé rẹ̀, kò kúrò ní pápá rí kí bọ́ọ̀lù tó parí.

Ó bá Boma lẹ́yìn ògiri, níbi ẹ̀rọ omi, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí ojúgun rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò sunkún. Ó kàn béèrè pé, "Oga Alimi, my mama house no be my house?"

Àlímì mú un lọ sílé. Nígbà tí Ibiere gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójijì, ó ń wo Yétúndé tó ń ṣeré lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó yá, ó dìde, ó wá ẹ̀wù fún àlejò, ó sì bu oúnjẹ fún un. Lọ́jọ́ kejì, Boma wọ lọ́rì tó ń lọ sí Owerri.

Dagogo wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ní, "Ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ọ̀rẹ́ mi. Ọkàn èèyàn ń ta. Ìwọ ò sí nínú rẹ̀, tiwa ni ọ́."

"Yétúndé ńkọ́?" Àlímì bi í. "Ará ibí ni ìyá rẹ̀, ará Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá yí òfin yín padà lọ́la, ta ni wọn yóò bọ́ láṣọ?"

Dagogo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Nítorí ọmọ Íbò kan?"

"Nítorí aṣọ́lé wa. N kò ní wo líìgì yìí mọ́, Dagogo. Bí wọ́n bá ń gbá a níwájú ilé mi, n kò ní yọjú."

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sátidé dé, ṣọ́ọ̀bù Àlímì wà ní ṣíṣí. Kò sí oníbàárà kankan, gbogbo wọn ti lọ. Bí ìhó bá ti dún láti pápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́ dìde, á fi ọwọ́ tẹ orúnkún mọ́lẹ̀. Àwọn kan kò padà wá gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Dagogo ń gba òdìkejì títì kọjá.

Kí ọdún náà tó parí, Rófàsì gba ife. Wọ́n gbé e sórí ọkọ̀, wọ́n ń fun fèrè la Díóbù já. Yétúndé sáré jáde lọ wò ó, ó sì sáré padà.

"Papa, no be your team be dat?"

Àlímì ń fá irùngbọ̀n bàbá kan lọ́wọ́. Ó gbé abẹ kúrò lọ́rùn bàbá náà ná.

"Ó ti jẹ́ tèmi rí," ló wí.