Àwọn Ọba Mẹ́fà àti Bọ́ọ̀sì Àwọn Àgbà

Ọkùnrin tó gba àyè mi ní yunifásítì ti di àgbà ìjọ ní Duluth, nílùú òyìnbó níbí, báyìí. Gbogbo èèyàn ń pè é ní Dókítà. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Kíláàsì kan náà la jọ wà ní Nàìjíríà. Nígbà yẹn, ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn pé ọba Lárúbáwá mẹ́fà tí ilẹ̀ wọn wà nítòsí ara wọn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, mo sì kọ iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ mi lórí rẹ̀. Mi ò fi ìṣòro wọn pamọ́. Wọ́n ń ṣe àríyànjiyàn lórí ààlà. Epo ni gbogbo wọn ń tà, kò sí ohun púpọ̀ tí wọ́n lè rà lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ̀rù èyí tó tóbi jù sì ń ba àwọn kéékèèké. Síbẹ̀, mo kọ ọ́ pé ẹgbẹ́ náà yóò pẹ́, torí ogun tó ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ń ba gbogbo wọn lẹ́rù bákan náà.

Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wo àwọn ọba tiwa, tí wọn ò lè ṣèpàdé kan láìjà lórí ẹni tí yóò jókòó síwájú. Ó ní ẹgbẹ́ náà ò ní pé ọdún méjì. Ọkùnrin yìí kọ ohun tí olùkọ́ fẹ́ kà, òun ni wọ́n sì fún ní àyè kan ṣoṣo tó wà láti kàwé di dókítà. Èmi lọ ń kọ́ ọmọ girama ní ìtàn fún ọgbọ̀n ọdún. Ọba Yorùbá ni olùkọ́ àti ọkùnrin yìí fi wọn ọba Lárúbáwá. Wọn ò ka ojú ìwé tí mo ti ṣàlàyé pé ọdọọdún ni ipò alága ń yí kiri, tó ń tẹ̀lé ábídí orúkọ ìlú wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe àgbà lórí ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà. Wọ́n tiẹ̀ ti bínú títí wọ́n fi ti ààlà mọ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n sì tún ṣí i.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Snellville, tí kò jìnnà sí Duluth. Lọ́dún tó kọjá, dókítà ojú ní kí n má wakọ̀ mọ́. Ẹni tí kò wakọ̀ ní Snellville, inú ilé ni yóò máa wà. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi, shift kì í jẹ́ kó ráyè. Nígbà tí ìjọ Yorùbá mẹ́ta, ti Duluth, ti Lilburn àti tiwa, ní kí àwọn jọ máa lo bọ́ọ̀sì kan fún àwọn àgbà, ọkàn mi wà níbẹ̀. Ìpàdé mẹ́ta ni wọ́n fi jà lórí ìjọ tí yóò ṣe alága. Wọ́n ti fẹ́ tú u ká nígbà tí mo dìde ní ìpàdé kẹrin.

“Ẹ jẹ́ kó máa yí kiri, ọdún kan fún ìjọ kan. Ká tẹ̀lé ábídí orúkọ ìlú.”

Àgbà ìjọ Duluth wò mí. “Mummy, àwọn ọba Lárúbáwá yín tún nìyẹn?”

“Àwọn náà ni, Daddy.”

“Ẹ ò tíì gbàgbé.”

“Ẹ̀yin náà ò gbàgbé, ẹ ṣáà dá wọn mọ̀.”

Ìyá kan láti Lilburn ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ parí ìjà yín níta. Orúnkún ń dùn mí, torí bọ́ọ̀sì ni mo ṣe wá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà yíjú sí àwọn yòókù. “Ohun tí Mummy sọ dára,” ló wí. “Ó ti dára tipẹ́.”

Bóyá torí pé Duluth ni yóò kọ́kọ́ ṣe é ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀, mi ò bèèrè. Mo gbà á bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, bọ́ọ̀sì ń gbé mi lọ sí ọjà ní Pleasant Hill Road ní gbogbo Thursday, mo sì ń fọwọ́ ara mi ṣa ẹja. Ìjọ wa ló kẹ́yìn, ọdún kẹta ni yóò kàn wá, èmi ni wọn yóò sì fi ṣe alága. Mo ti sọ fún ọmọ mi pé mi ò ní ibi kankan tí mò ń lọ ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀run pàápàá.