Ọ́ìlì Tó Funfun bíi Wàrà

Ọ̀gá kékeré ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lórí àga bàbá rẹ̀ tó fi rí i pé àwọn àgbá ọ́ìlì ń gba àyè ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà. Ó ní kí wọ́n kó wọn síta, kí ọ́fíìsì tuntun lè ráyè. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan nínú àwọn àgbá náà ò ní ìdérí. Ló bá ní kí wọ́n dé e, kí wọ́n yí i wọlé kíákíá. Wọ́n yí i gbirigbiri títí omi àti ọ́ìlì fi wọnú ara wọn bíi tọkọtaya tuntun.

Nígbà tí Ìyá Ọlọ́ìlì ṣí i, ó ti funfun bíi wàrà. Ó ti lé ní ogún ọdún tí obìnrin yìí ti ń tọ́jú ọ́ìlì ní yàrá ẹ̀yìn.

“Ìyá, ẹ bá mi yọ omi rẹ̀. Ọ̀la ni mo fẹ́ ẹ.”

“Ọjọ́ mẹ́ta ni, ọ̀gá.”

“Kí ló dé? Ṣebí tí omi bá ti hó, á fò lọ. Mo kà á nínú ìwé.”

“Ẹ kú ìwé kíkà, sà.”

Ìyá da ọ́ìlì náà sínú táǹkì gíga tó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, ó tan iná gáàsì kékeré sábẹ́ rẹ̀, kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí omi lè máa rọra sọ̀kalẹ̀. Ó wá lọ jẹun ọ̀sán. Ọ̀gá kékeré, aláàánú ènìyàn, ò lè wo iná kékeré níran. Ó yí i sókè pátápátá.

Táǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà. Ọ́ìlì hó, ó ru sókè, ó sì dà sílẹ̀. Ìyá Ọlọ́ìlì sáré wọlé tòun ti ṣíbí lọ́wọ́.

“Ìwọ ọmọ yìí, kúrò níbẹ̀!”

Ó fi táì fà á sẹ́yìn, ó pa iná, ó da iyanrìn sílẹ̀. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò jó ẹnikẹ́ni. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọ̀gá nìkan ló kú.

“Ṣé ẹ rí i pé ooru ṣiṣẹ́,” ni ọ̀gá wí.

“Ó ṣiṣẹ́ gan-an, sà. Gbogbo ilẹ̀ ló jẹ́rìí.”

Àmọ́ orí korobá ni ìyá jókòó sí títí ara rẹ̀ fi balẹ̀.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, ó ń ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà: omi ìdọ̀tí á kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà eléyìí tó funfun. Tó bá rí ọ́ìlì, á tì í. Á wá kán ẹ̀kán ọ́ìlì kan sórí irin gbígbóná. Lọ́jọ́ kejì, ó ta pàrà, omi ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá kékeré dé láìwọ táì, ó dẹ etí sílẹ̀.

“Kò dún,” ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

“Kò dún, sà.” Inú ìyá dùn débi pé ó gbàgbé láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ó ku ọ́ìlì funfun korobá kan tó kọ̀, tí omi rẹ̀ kò yà. Ọ̀gá ní kí wọ́n dà á mọ́ èyí tó dára, ta ni yóò mọ̀?

“Kò burú. Ọkọ̀ yín ni ká ti bẹ̀rẹ̀.”

Ọ̀gá wo ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó wo korobá. Fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ síbi àgbá ìdọ̀tí, ó ń rọra rìn, kó má baà ta sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kejì.