Ọkọ̀ Oníbẹ́ẹ̀dì

Bí ọmọ mi bá ti tan éèsì tó ń mú inú ọkọ̀ rẹ̀ tutù, tí òórùn eruku tútù jáde, mo máa ń fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sábẹ́ ìborùn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi ń tún mọ́tò ṣe lẹ́bàá títì ní Ẹgbẹ́dá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan wa ògbólógbòó ọkọ̀ oníbẹ́ẹ̀dì dé. Ó ní òun ń gbé ìyá òun lọ sílé, ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ tutù wá daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ń bẹ Bàbá kí wọ́n kánjú. Ìyá náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ funfun bò wọ́n látorí dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọn ò dáhùn.

“Màmá mi ń sùn ni,” ọkùnrin náà wí.

Bàbá ké láti ìdí ẹ́ńjìnnì pé, “Tó bá ti tutù, pè mí o!”

Mo wọ inú ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ooru ló ń jáde lójú ihò afẹ́fẹ́. Mo ń fọwọ́ wá ibi tó tutù kiri, títí ó fi kan àtẹ́lẹsẹ̀ Màmá.

“Ó ti tutù, Bàbá!”

Bàbá yọjú. Bẹ́líìtì tó ń yí ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò tíì fi í sí i. Wọ́n wo ọwọ́ mi, wọ́n wo ọkùnrin náà, ó wolẹ̀. Wọ́n fà mí lọ sídìí ìkòkò omi, wọ́n fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti bímọ kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń fọ̀ kúrò.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n padà lọ fi bẹ́líìtì náà sí i, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí Màmá.