Ìbọ̀sẹ̀ Anselmo àti Kọ̀ǹpútà Kóòṣì

Ọdún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì títì kó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi fọ aṣọ oníbàárà. Ẹ má bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí nígbà náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé eyín iwájú mi ti pààrọ̀ tán, àti pé àgbò bàbá mi, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún pé òfin ti yí padà, ni mọ́tò kọ́kọ́ gbá ní àdúgbò wa ní Ìwó.

Ìbọ̀sẹ̀ Sùmáyà ló gbé gbogbo rẹ̀ padà wá. Sùmáyà ni ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ó sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ wọn níbí ní Homewood, lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà. Òjò rọ̀ lánàá. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ ààbọ̀, ó ní, "Grandma, ẹ kúulé o," ó sì bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ jù sẹ́nu ọ̀nà. Òórùn koríko tútù, ẹrẹ̀ àti òógùn gba gbogbo ilé. Mo mú un, mo wò ó níwá, mo wò ó lẹ́yìn, mo ní, "Àárín ni wọ́n fi ọ́ sí lónìí."

Ó la ẹnu sílẹ̀. "Wait, ta ló sọ fún yín?"

"Ìbọ̀sẹ̀ rẹ ni."

Ìyá mi ló kọ́ mi. Alágbàfọ̀ ni. Lówùúrọ̀, bí ìrì kò tíì gbẹ lára ewé, a ti ru igbá aṣọ dé odò Ọbà. Ìyá mi á ká ìró rẹ̀ sókè, á wọ inú omi dé orúnkún, á máa fi aṣọ na òkúta, èmi á sì máa sá èyí tó ti mọ́ sórí koríko. Tí a bá padà délé, iṣẹ́ mi ni láti máa fẹ́ iná áyọ́ọ̀nù eléèédú. Ẹ̀ṣẹ́ná kan ta sí àyà mi nígbà kan, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òórùn sítáàṣì gbígbóná yẹn, mi ò tíì rí lọ́fínńdà tó tó o.

Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tí kò lè kà. Á gbé ṣòkòtò tíṣà sókè, á rí i pé orúnkún méjèèjì pọ́n fún erùpẹ̀, á rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó ti bínú. Ọkùnrin ti kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀." Òwú ló fi ń mọ ẹni tó ni aṣọ. Á rán án sí abẹ́ ọrùn níbi tí ojú kò tó: pupa ni ti tíṣà, àwọ̀ ewé ni ti olùtọ́jú aláìsàn, dúdú ni ti akọ̀wé kóòtù.

Lọ́jọ́ kan òwú já, ìyá mi sì gbé ẹ̀wù akọ̀wé fún tíṣà. Ìjà ńlá ti fẹ́ ṣẹlẹ̀, akọ̀wé ti ń pe tíṣà ní olè. Ìyá mi kò dúró de ẹnikẹ́ni kó wá bi í. Ó lọ sí kóòtù ní ọ̀sán gangan, níbi tí èrò pé sí, ó ní, "Ọwọ́ mi ló ṣì í. Tíṣà kò jalè." Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tì mí débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ara pamọ́ sí títí a fi délé. Òun kò tẹ orí rẹ̀ ba.

Nígbà tí mo dé Chicago láti wá bá àkọ́bí mi tọ́jú ọmọ, àdúgbò Auburn Gresham la ń gbé. Nígbà tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ara mi kò gbà kí n máa jókòó wo tẹlifíṣọ̀n. Mo ríṣẹ́ ìfọṣọ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ. Doris ni ọ̀gá wa nídìí aṣọ, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ọmọ ìlú Chicago gan-an. Kò mọ̀ pé mi ò kàwé. Bó bá fún mi ní ìwé, mo ti mọ bí a ti ń tẹjú mọ́ ọn, tí a ó sì mi orí: "Okay, okay." Mo rán òwú sí abẹ́ ọrùn gbogbo jẹ́sì. Ó rò pé ọ̀ṣọ́ Nàìjíríà ni.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ Anselmo, ọmọ Kòlóńbíà. Àárín ló ń gbá, níbi tí wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tó ń dènà, tí wọ́n sì ń pín in fún ẹni tó ń gbá a sáwọ̀n. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà létí odò, láìwọ bàtà ló sì ti kọ́ bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá kan mú un lọ sí olú ìlú. Wọ́n tà á sí Yúróòpù, sí ìlú yìnyín kan níbi tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ìdí fi ń ro ó. Orúnkún rẹ̀ fọ́. Wọ́n ní ó ti tán. Ó tún bọ́ọ̀lù kọ́ bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn, ó sì gba ọ̀dọ̀ wa wá ní ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. "Mamá" ló ń pè mí. Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò pé, tirẹ̀ kò pé, nítorí náà a gbọ́ ara wa yé dáadáa.

Ọdún kẹsàn-án mi níbẹ̀ ni kóòṣì tuntun dé, tòun ti kọ̀ǹpútà. Ó ní kí àwọn ọmọ máa wọ síngílẹ́ẹ̀tì kan lábẹ́ jẹ́sì, tí wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tó sáré àti ẹni tó rìn. Doris ní n kò gbọdọ̀ rán òwú sí àwọn yẹn, pé á máa họ wọ́n lára, orúkọ wọn ṣáà ti wà nínú rẹ̀. Mo ní, "Okay, okay." Èmi ni mo sì ń fi wọ́n kọ́ sí àyè oníkálukú. Ní ti Anselmo àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Andy, tó ń gbá iwájú, orúkọ àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì tó dà bí òrùlé ilé, ara wọn sì ṣe déédéé. Mo mú ọ̀kan fún èyí, mo mú ọ̀kan fún ìyẹn.

Kò pẹ́ tí ariwo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ kóòṣì ní kọ́rídọ̀: "O ti darúgbó, Anselmo! Kọ̀ǹpútà ní rírìn lò ń rìn. Wo Andy, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò balẹ̀." Ó ní tó bá di ọjọ́ Mọ́ńdè, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo mú ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ Anselmo. Ẹrẹ̀ ti ta láti gìgísẹ̀ dé ìbàdí lẹ́yìn. Ẹni tó ń rìn, ẹrẹ̀ kì í ta dé ibẹ̀. Mo mú ti Andy. Ó mọ́ bíi ti ẹni tó dúró de bọ́ọ̀sì. Mo jókòó sórí báàkẹ́ẹ̀tì. Mo fa síngílẹ́ẹ̀tì tí Andy bọ́ sílẹ̀ yọ, òórùn ìpara bíi róòbù tí òun nìkan máa ń fi pa àyà ń ta sóòsòo lára rẹ̀. Mo gbé e fún Doris. Mo ní, "Jọ̀ọ́, bá mi ka orúkọ inú ẹ̀."

"Anselmo," ni ó wí. Ó wò mí. "Mama, ṣé o ò lè kàwé ni?"

"Mi ò lè kà á."

"Láti ọdún mẹ́sàn-án?"

"Láti ọdún mẹ́sàn-án."

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n dákẹ́, òun á bá mi pààrọ̀ wọn jẹ́jẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. "Wọ́n á lé ẹ dànù, Mama!" Mo bi í pé, "Anselmo ńkọ́? Ṣé èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ lòdì sí i á pa rẹ́?"

Mo ki síngílẹ́ẹ̀tì méjèèjì àti ṣòkòtò ẹlẹ́rẹ̀ náà mọ́ abíyá. Ìpàdé ni kóòṣì wà, ọkùnrin márùn-ún yí tábìlì funfun ká. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Mo tẹ́ ṣòkòtò náà lé tábìlì, ẹrẹ̀ sójú gbogbo wọn, mo ní, "Èmi ni mo ṣì í. Mi ò mọ̀wé kà, mo gbé ti Anselmo fún Andy, mo gbé ti Andy fún Anselmo. Ẹni tí ẹ̀ ń bú yìí ló ń sáré fún gbogbo yín."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Mo dúró wò ó títí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Doris ló fi síngílẹ́ẹ̀tì kọ́. Anselmo sáré ju gbogbo wọn lọ. Andy, ọmọ dáadáa ni, kò kí mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n fún Anselmo ní ọdún méjì sí i, ó sì gbá méjèèjì pé kó tó padà sílé lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé létí odò wọn. Ní tèmi, wọ́n kọ̀wé ẹ̀sùn, mo tẹ̀ka sí i. Wọ́n gba iṣẹ́ ọjọ́ ìdíje lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n má fi aṣọ kọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo fọ èyí tí wọ́n gbé fún mi, ó sì mọ́.

Sùmáyà ní ẹ̀rọ kan wà báyìí tó ń ka orúkọ aṣọ fúnra rẹ̀. Kò burú. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń fọṣọ ní Ọbà mọ́, áyọ́ọ̀nù eléèédú sì ti di ohun tí wọ́n ń gbé sí pálọ̀ fún ọ̀ṣọ́. Ìyẹn náà kò burú. Ṣùgbọ́n ènìyàn ṣì ń ṣe àṣìṣe, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ló sì ń jìyà rẹ̀ bí ẹni tó ṣe é bá panu mọ́.

Àwọn ọmọ mi bínú sí mi lọ́jọ́ tí mo lọ bá kóòṣì yẹn. Àkọ́bí mi, nọ́ọ̀sì ni, kò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀: "Màámi, kí lẹ wá ń sọ ọ́ ní public fún? Gbogbo wọn ti mọ̀ báyìí pé ẹ ò lọ school. Doris ṣáà ní òun á handle ẹ̀." Àbúrò rẹ̀ ní ojú ń ti òun.

Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Mo wá ní, "Àìkàwé mi, ẹrù tèmi ni, mo ti ń rù ú láti kékeré, kò sì tíì wọ̀ mí lọ́rùn. Ṣùgbọ́n tí mo bá dákẹ́, orí ọmọ ọlọ́mọ ni mo gbé e lé yẹn. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ jẹ́ kó tì yín dáadáa. Tèmi kò tì mí. Ẹ lọ fọwọ́, ọbẹ̀ ti ń tutù."