Ọjọ́ Tí Hùnsù Tẹ Gọ́tà Òrùlé Mi

Ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ tí táǹkì mi sì gbẹ ni n kò lè gbàgbé láyé.

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, síbẹ̀ èmi ni mo kọ́kọ́ kan gọ́tà páànù láti gbe omi òjò sínú táǹkì ní àdúgbò wa ní Àgbádárìgì. Omi kànga wa níyọ̀, ọṣẹ kì í hó nínú rẹ̀. Hùnsù ọ̀rẹ́ mi, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé wa, ló di àkàsọ̀ mú fún mi. Mo kọ́ ọ pé ibi tí gọ́tà bá tẹ̀ sí ni omi ń gbà.

Mo jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ páànù mọ́. Lọ́jọ́ òjò kejì, ọmọbìnrin mi gbé ìkókó rẹ̀ dé láti ọsibítù. Mo ní, "Omi òjò Bàbá àgbà la ó fi wẹ̀ ẹ́!"

Òjò dá, mo ṣí táǹkì, kò sí nǹkan kan. Mo gun àkàsọ̀. Gọ́tà mi ti tẹ̀ sí ẹ̀yìn ògiri, dúrọ́ọ̀mù Hùnsù kún dẹ́nu.

"Hùnsù, ìwọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá gọ́tà, ta ló ni òjò?"

"Ìwọ, ta ló ni páànù?"

Omi oníyọ̀ la padà fi wẹ ọmọ. Láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ṣú, n kì í wo ojú ọ̀run mọ́. Orí ògiri Hùnsù ni mò ń wò.